Ìdí Tí Ẹ Fi Yọ Mí Nílé Ìwé

Bàbá mi tí mo jọ lójú, tí mo sì jọ lórí kunkun,

Mo kí yín o. Mo ti di òǹkọ̀wé. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ìwé kejì alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí mo kà náà ni mo fi ń kọ ọ́. Atẹ̀wé kan lẹ́bàá ọjà ń bá mi tẹ ìtàn mi ní ìwé pẹlẹbẹ, èmi fúnra mi ni mo ń tà á. Kò sí ọ̀gá lórí mi. Ohun tó bá wù mí ni mo ń kọ: ìjà àwọn ìyàwó ilé, àwọn tó ń lu ìdí kóńgò wọnú kí gààrí inú rẹ̀ lè dín, ewúrẹ́ àdúgbò.

Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí mo ti sọ pé ìtàn yín ló kàn tí n ó kọ, n kò fọkàn tán ẹnikẹ́ni mọ́. Àṣé gbogbo ilé ló fẹ́ bá mi yan ohun tí n ó kọ. Ràjí àbúrò mi, tí kì í yà kí mi tẹ́lẹ̀, ń gbé iṣu wá láti Kuta ní gbogbo Jímọ̀. Iṣu kì í ṣàdédé rìn. Ó ní kí n máa kọ nípa ewúrẹ́ lọ, ṣebí ewúrẹ́ kò ní mọ̀lẹ́bí tó mọ̀wé kà. Atẹ̀wé pàápàá bi mí lẹ́ẹ̀mejì bóyá ó dá mi lójú. Ta ló rán an?

Ẹ mọ ohun tí wọ́n ń bẹ̀rù. Lẹ́tà obìnrin Ilé-Ogbó tí ẹ fẹ́ fi ṣaya ni, èyí tí ẹ fi pamọ́ sábẹ́ ẹní ìkírun yín. Ìyá mi ló rí i; wọn kò mọ̀wé, wọ́n ní kí n kà á fáwọn. Mo kà á ketekete, inú mi ń dùn pé mo lè ka ọ̀rọ̀ gígùn. N kò wo ojú wọn títí mo fi kà á tán. Ọ̀sẹ̀ kejì, ẹ ní kí n jókòó sílé, pé agbára yín kò ká ọmọ méjì. Ràjí ń lọ ní tirẹ̀. Ṣé agbára ni kò ká a lóòótọ́, Bàbá? Àbí lẹ́tà yẹn ni?

Ẹ̀yin náà lẹ máa ń fọ ẹsẹ̀ mi tí a bá ti oko dé, tí ẹ ó máa ka ọmọ ìka rẹ̀ bí ẹni pé ọ̀kan lè ti já bọ́ sọ́nà. Ìyẹn ló ń mú kí n máa fura sí ọwọ́ ara mi. Ṣé òtítọ́ ló ń kọ, àbí ẹ̀san?

Mo ti kọ ọ́ tán ṣá. Ohun tí mo mọ̀, mo kọ ọ́ bí mo ṣe mọ̀ ọ́n. Nígbà tí mo dé ibi ìdí tí ẹ fi yọ mí, mo kọ ọ́ pé mo fura. N kò kọ ọ́ pé mo mọ̀. Ọjọ́bọ̀ ni n ó gbé e lọ sọ́dọ̀ atẹ̀wé, Ràjí kò sì gbọ́. Bí mo bá ṣì yín gbọ́, ọ̀nà àlá kò jìnnà sí ọ̀run tí ẹ wà. Ẹ tètè wá.

Èmi ni,
ọmọbìnrin yín tó fẹ́ràn yín, tí yóò sì tẹ̀ ẹ́.