Telésforo Ti Di Méjì

Las Lajas, Honduras

Ẹ̀gbọ́n mi Telésforo,

Mo kí yín, mo kí ìyàwó yín àtàwọn ọmọ. Ṣé òtútù ìlú òyìnbó yẹn ò dà yín láàmú jù? Orúnkún mi ti ń san díẹ̀díẹ̀. A ti ká kọfí tán, òjò ò bà á jẹ́ lọ́dún yìí.

Yaritza ọmọ mi ti bímọ ọkùnrin, lọ́jọ́ karùn-ún oṣù kìíní. Dylan ló fẹ́ sọ ọ́. Nígbà tó gbé e lọ gba abẹ́rẹ́, nọ́ọ̀sì pe Dylan, ìyá mẹ́rin ló dìde. Bó ṣe wọlé báyìí, ó ní, "Màmá, ẹ jàre, ẹ gbé kàlẹ́ńdà àwọn ẹni mímọ́ yẹn wá. Ẹni tó bá ni ọjọ́ tí mo bí i ni màá fi sọ ọ́, bíi tayé ìgbà tiyín."

Ọjọ́ ìbí yín ni, ẹ̀gbọ́n mi! Orúkọ yín ló wà níbẹ̀.

Akọ̀wé tó ń forúkọ ọmọ sílẹ̀ ní, "Ìyá, ogún ọdún tí mo ti jókòó síbí, n ò kọ eléyìí rí."

Mo gbọ́ pé Tony lẹ ń jẹ́ lọ́hùn-ún, torí wọ́n ń fi orúkọ yín ṣẹ̀rín. N ò bá yín wí. Àmọ́ wọ́n á fi ọmọ yìí náà ṣẹ̀rín.

Ọlọ́run á fún yín lára líle. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wálé. Mo fẹ́ dúró lẹ́nu ọ̀nà kí n pariwo "Telésforo!", kí ọmọ yìí rí i pé ẹlòmíì tún dáhùn.

Àbúrò yín,
Eduviges