Ibà Tí Kò Ṣe Mí

Ojúlé Kẹrìnlá,
Òpópónà Adéòjó,
Ìkòròdú.
Ọjọ́ Kọkànlélógún, Oṣù Kẹfà, 2006.

Fọláwùmí, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Báwo ni nǹkan? Ṣé àlàáfíà ni Màmá wà, ṣé orúnkún tó ń dùn wọ́n ti ń fi wọ́n lọ́rùn sílẹ̀ díẹ̀? Tìmílẹ́hìn àbúrò rẹ ńkọ́, ṣé ó ti padà sílé ìwé? Ara àwa náà le, àfi èmi tí gbogbo àdúgbò gbà pé ibà ń ṣe. Kò sí ibà kankan lára mi. Ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ni mo fẹ́ bá ọ sọ, mi ò sì lè sọ ọ́ lórí fóònù, torí gbogbo ilé ni yóò gbọ́. Làtífátù, ayálégbé wa tó máa ń ná ọjà Ẹ̀jìnrìn, ni mo fi lẹ́tà yìí rán sí ọ. Jọ̀ọ́, bí o bá kà á tán, fi í pamọ́.

Mo mọ̀ pé inú ń bí ọ. O ní kí n wá sùn lọ́dọ̀ yín ní Ẹ̀jìnrìn láti ọjọ́ Jímọ̀, kí n lè tètè dé Ẹ̀pẹ́, mo ní rárá, ọkọ̀ àkọ́kọ́ ní Gáréèjì ni màá wọ̀ láàárọ̀ Sátidé. O se ẹja dè mí, mi ò yọjú. Má bínú.

O ṣáà mọ ohun tí ìpàdé Ẹ̀pẹ́ yẹn jẹ́ fún mi. Láti oṣù Kejì ni èmi, aṣojú akẹ́kọ̀ọ́ ilé ìwé wa, ti ń bá àwọn aṣojú akẹ́kọ̀ọ́ láti Gánà, Bẹ̀nẹ̀ àti Jámánì kọ̀wé síra wa, lórí bí àwọn yunifásítì wa yóò ṣe máa gba akẹ́kọ̀ọ́ ara wọn. Ní ọjọ́ Sátidé yẹn ni wọ́n máa yan ẹnì kan nínú àwa ará Nàìjíríà tí yóò lọ sí àpérò ńlá ní Jámánì. Èmi ni gbogbo wọn ń fojú sọ́nà fún. Mo tilẹ̀ ti ra ẹ̀wù òtútù òkìrìkà sílẹ̀.

Wọ́n kéde pé Orò máa jáde ní Ìkòròdú ní ọjọ́ Sátidé kan náà, kí obìnrin kankan má rìn níta. Mo gbọ́ ìyẹn. Àsìkò tó máa bẹ̀rẹ̀ ni mi ò fetí sí. Ìwọ náà mọ̀ mí, èmi ọmọ onílé, tí bàbá mi wà lára àwọn àgbà tó ń ṣètò rẹ̀, kí ni ẹnì kan fẹ́ kéde tí mi ò mọ̀? Mo ti gbà lọ́kàn mi pé ìgbà tí ilẹ̀ bá mọ́ kedere ni wọ́n máa sé ìlú, nígbà yẹn mo ti kọjá Ìtóìkín. Làtífátù tó wá láti Ìwó bi mí lọ́jọ́ Jímọ̀ pé ṣé mi ò ní tètè máa lọ. Mo fi í rẹ́rìn-ín pé àlejò ló máa ń bẹ̀rù jù.

Ní ìdájí Sátidé, mo wẹ̀, mo múra, mo gbé báàgì kọ́ èjìká. Ẹnu ọ̀nà ni mo ti bá Bàbá pàdé, àwọn náà ń jáde. Wọ́n bi mí pé níbo ni mò ń lọ. Mo ní Ẹ̀pẹ́ ni. Wọ́n ní láti òru ni ìlú ti di sísé, ṣé etí mi di ni? Mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀ wọ́n. Wọn ò jágbe mọ́ mi rárá. Wọ́n kàn ní, “Moyọ̀, bí mo bá ṣílẹ̀kùn fún ọmọ tèmi, kí ni mo fẹ́ sọ fún ọmọ ẹlòmíràn?” Wọ́n fa ilẹ̀kùn dé, wọ́n lọ.

Báyìí ni èmi, Ìyá mi àti Làtífátù ṣe jókòó sínú pálọ̀, fèrèsé ní títì, kò sí iná, ooru ń bò wá mọ́lẹ̀. Làtífátù ti se ẹ̀wà sílẹ̀ láti àná rẹ̀, ó bu fún mi, kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ìyẹn ló dùn mí jù. Nígbà tó di aago mẹ́sàn-án, Benjamin igbákejì mi pè láti Ẹ̀pẹ́ pé àlejò ti pé, níbo ni mo wà? Ẹnu mi ò gbà á láti sọ pé Orò ni. Mo ti fọ́nnu jù fún wọn nípa bí mo ṣe mọ ìlú mi tó, mi ò sì fẹ́ kí àwọn òyìnbó yẹn máa fi bàbá mi rẹ́rìn-ín. Mo ní ibà ló dá mi gúnlẹ̀. Mo wá ń ka ìwé tí mo fẹ́ lọ kà níbẹ̀ fún un lórí fóònù, ó ń dà á kọ, títí bátìrì mi fi kú. Làtífátù yọ tirẹ̀ fún mi. Kí wọ́n tó ṣí ìlú nírọ̀lẹ́, wọ́n ti yan Benjamin. Mo kí i kú oríire, mo wọ yàrá, mo sunkún.

Mo rò pé ó parí síbẹ̀. Ní ọ̀sán Sọ́ńdè, ọkọ̀ àwọn ará Bẹ̀nẹ̀ tó ń padà sílé dúró lẹ́nu ọ̀nà wa, Benjamin ló mú wọn wá. Wọ́n ní àwọn fẹ́ kí aláìsàn. Mo sáré dùbúlẹ̀, mo fa ẹ̀wù òtútù Jámánì yẹn bora. Òógùn bò mí, wọ́n ní ẹ ò rí i bí ibà yẹn ṣe le tó.

Aṣojú wọn, Ṣẹ̀rífátù, ọmọ Sákẹ́tẹ́, tó ń sọ Yorùbá bíi tèmi tìrẹ, jókòó tì mí nígbà tí àwọn yòókù lọ kí Bàbá. Ó fọwọ́ kàn mí níwájú orí. Ó ní, “Ṣé ibà ni lóòótọ́, àbí wọ́n sé yín mọ́lé? Wọ́n máa ń sé tiwa náà. Ká ní o sọ bẹ́ẹ̀ ni, à bá sún yíyàn yẹn di òní. Ibà lo pè é, a ò sì fẹ́ yọ aláìsàn lẹ́nu.”

Kí n tó lanu, Benjamin ti wọlé pẹ̀lú oògùn ibà tí wọ́n rà fún mi, Bàbá tẹ̀lé e. Mo wo Ṣẹ̀rífátù, mo wo Bàbá. Mo ní, “Ibà ni.” Bàbá mọ̀ pé kò sí ohun tó ṣe mí. Àwọn fúnra wọn ni wọ́n lọ bu omi wá, wọ́n gbé e fún mi, wọ́n dúró títí mo fi gbé hóró mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mì.

Fọláwùmí, oògùn yẹn ń mú kí ara máa yún mi láti ọjọ́ náà títí di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí. Benjamin, tó mọ̀ pé ìwọ ni ọ̀rẹ́ mi, ní òun máa yà kí yín lọ́jọ́ Jímọ̀ kí òun lè dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀yin ènìyàn mi pé ìwé mi ló gbé òun dé ibi tóun dé. Bó bá bi ọ́ léèrè mi, mo bẹ̀ ọ́, sọ fún un pé ibà ni.

Bá mi kí Màmá, kí wọ́n má gbọ́ èyí o. Bá mi kí Tìmílẹ́hìn náà.

Tìrẹ ni mí, bí inú bá tilẹ̀ ń bí ọ,

Moyọ̀sọ́rẹ Ògúnsànyà