Ẹ̀dọ̀ Méjì Tí Wọ́n Ní Àwọn Rì Mọ́lẹ̀

Ojúlé Kẹtàdínlógún,
Kémta,
Abẹ́òkúta.
14 Oṣù Kẹta, 1983.

Ọ̀gá Dókítà Ẹran,
Ọ́fíìsì Tó Ń Bójú Tó Odò Ẹran,
Abẹ́òkúta.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

Ẹ̀SÙN LÓRÍ Ẹ̀DỌ̀ ALÁRÀN TÓ JÁDE NÍNÚ KÒTÒ

1. Alápatà ni mí láti ọdún méjìlá. Kí wolé-wolé tó dé ni mo ti máa ń fi ìko aláró so ẹ̀dọ̀ màlúù mi kọ́. Sìdíkàt ìyàwó mi, tó ń ṣe àdìrẹ, ló ń fún mi ní ìko tó bá tú lára aṣọ. Alápatà mìíràn kì í lò ó. Òun ni àwọn oníbàárà fi ń mọ ọjà mi.

2. Lọ́jọ́ Ajé tó kọjá, Ọ̀gbẹ́ni Àjàlá, wolé-wolé yín, la ẹ̀dọ̀ mi méjì. Aràn pẹlẹbẹ bí ewé wà nínú wọn lóòótọ́, n kò jiyàn. Ó ní òun yóò da kẹrosíìnì sí wọn, òun yóò sì rì wọ́n sí kòtò ẹ̀yìn odò ẹran. Mo ní kí n bá a dé ibẹ̀. Ó ní kòtò kì í ṣe ibi ìran.

3. Lọ́jọ́ kejì, Tíṣà Harriet, oníbàárà mi láti Aké, ju ẹ̀dọ̀ kan sórí tábìlì mi níṣojú èrò. Ó ní, "Bọ̀dá Mọ́ṣúdù, aràn ti ṣáájú mi jẹ ẹ́." Ìko mi wà lọ́rùn rẹ̀. Àpá ọ̀bẹ Ọ̀gbẹ́ni Àjàlá wà níkùn rẹ̀. Mo gbóòórùn rẹ̀ títí, kò sí kẹrosíìnì. Obìnrin kan tó ń kiri ẹran ló tà á fún Tíṣà, ó sì búra pé ọ̀dọ̀ mi ló ti wá.

4. Ẹ̀yin Ọ̀gá, ẹ̀dọ̀ kì í dìde rìn. Ta ló hú u? Àbí wọn kò rì í rárá? Mo bi Ọ̀gbẹ́ni Àjàlá, ó ní kí n mú ìwé àṣẹ mi wá kí òun yẹ̀ ẹ́ wò. Ìgbà wo ni aràn wọ inú ìwé? Láti ọjọ́ náà, kò sí ẹ̀dọ̀ mi tí Ọ̀gbẹ́ni Àjàlá kì í rí aràn nínú rẹ̀, títí kan èyí tó mọ́ tónítóní.

5. Wọ́n ti ń pè mí ní Alápatà Aláràn ní Kémta. Orúkọ mi ni mo ń jà fún.

6. Mo bẹ̀ yín, ẹ fúnra yín wá, kí a gbẹ́ kòtò náà níṣojú gbogbo alápatà. Ẹ má sọ ọjọ́ fún Ọ̀gbẹ́ni Àjàlá, kí ẹ̀dọ̀ mìíràn má baà ṣáájú yín débẹ̀. Ẹ̀dọ̀ kan wà lọ́dọ̀ mi, mo ti fi iyọ̀ sí i. Èkejì ti lè jẹrà, ṣùgbọ́n ìko kò tíì lè jẹrà. Bí ẹ bá rí ìko náà, ẹ gba ìwé àṣẹ mi. Bí ẹ kò bá rí i, ẹ bi Ọ̀gbẹ́ni Àjàlá léèrè ẹni tó jẹ ẹ̀dọ̀ kejì.

Ẹ ṣeun tí ẹ kà á dé ìsàlẹ̀. Ṣọ́bìrì ti wà nílẹ̀.

Èmi ni tiyín, tó ń retí yín lẹ́bàá kòtò,

Mọ́ṣúdù Abíọ́nà,
Alápatà, Kémta.