Jizo Tí Òfin Dorí Rẹ̀ Kodò

                                        Ojúlé Kẹsàn-án,
                                        Àdúgbò Àwọn Agbẹ́kùúta,
                                        Hiragase.
                                        Ọjọ́ Kejìdínlógún, Oṣù Kẹjọ, 2019.

Yasuji, àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lẹ wà? Ìyàwó rẹ ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn ọ́ ti fúyẹ́? Àwa náà wà, a dúpẹ́. Màmá ń jẹun, wọ́n sì ń béèrè rẹ lójoojúmọ́. Èmi ni inú ń bí bí mo ṣe ń kọ èyí.

O mọ̀ pé odi ilé olódi ìlú wa wó nígbà tí ilẹ̀ mì tìtì, èmi ni wọ́n sì fi ṣe olórí àwọn tó ń to òkúta rẹ̀ padà. Wọ́n kọ nọ́ńbà sára òkúta kọ̀ọ̀kan. Jizo wa, ère òkúta tí à ń bọ, di igba ó lé mẹ́tàlá. Irú orúkọ wo nìyẹn?

O rántí ìtàn tí bàbá àgbà máa ń sọ. Ogun ń bọ̀, òkúta kò tó olúwa ilẹ̀ yìí láti fi mọ odi, ló bá rán àwọn ọmọ ogun rẹ̀ sí ibojì àwọn baba ńlá wa. Wọ́n kó òkúta orí sàréè, wọ́n gbé Jizo tó ń ṣọ́ àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ tó kú, wọ́n sì dorí rẹ̀ kodò sí ìsàlẹ̀ odi. Ó lé ní irinwó ọdún tó ti ń forí dúró. Iwájú rẹ̀ náà ni Màmá ti ń bu omi fún Sawa, ẹ̀gbọ́n wa tí kò pé oṣù mẹ́ta láyé.

Nígbà tí odi wó, Màmá ní ohun kan ṣoṣo làwọn ń fẹ́ kí àwọn tó kú: kí n gbé Jizo nàró. Mo ṣèlérí fún ìyá ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rùn-ún!

Ni Sakuma, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó iṣẹ́ náà, bá mú fọ́tò àtijọ́ kan dé.

"Ẹ má bínú, Bàbá. Bó ṣe wà nínú fọ́tò ni òfin ní ká tò ó. Ìtàn ni."

Mo ní, "Ìtàn wo? Ilé gogoro tó wà lórí odi yìí ńkọ́? Ojú mi ló ṣe nígbà tí wọ́n ń po kọ́ńkéré rẹ̀! Ẹ̀rọ agbénirókè wà nínú rẹ̀. Ṣé ẹ̀rọ ni olúwa ilẹ̀ ń wọ̀ gòkè lọ sùn? Bí wọ́n bá dorí bàbá tìẹ kodò, ṣé ìtàn lo máa pè é?"

Ó tẹrí ba fún mi lẹ́ẹ̀mẹta, kò sì yí ohùn padà.

Àwọn ìyàwó tuntun ń ya fọ́tò níbẹ̀, Yasuji. Àwọn géńdé ń wọ ẹ̀wù ogun oníke, wọ́n ń kí àlejò káàbọ̀. Gbogbo ìyẹn kò ba ìtàn jẹ́. Jizo tó bá nàró ló máa bà á jẹ́! Ẹni tó jalè láyé ọjọ́un, òfin ń bá a ṣọ́ ẹrù olè dòní.

Èyí tó dùn mí jù ni pé ọwọ́ ara mi ni mo fi dorí rẹ̀ kodò padà. Wọ́n ní bí n kò bá ṣe é, àwọn tó ń fi ẹ̀rọ gbé òkúta ló máa ṣe é, mo sì mọ̀ pé wọ́n á fọ́ ọ nímú.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ọdún Obon tí à ń fi pàdé àwọn òkú wa, mo mú Màmá lọ síbẹ̀. Màmá wo òkúta náà, wọ́n wò mí, wọn kò bá mi wí. Wọ́n na ọ̀pá ìtilẹ̀ wọn sí mi kí n bá wọn mú un. Wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n tẹ̀ títí irun wọn fi kan koríko, wọ́n yí ọrùn títí ojú wọn fi ṣe déédéé ojú Jizo, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe láti kékeré wa.

Wọ́n ní, "Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ṣé Sawa ò yọ yín lẹ́nu?"

Bá mi kí ìyàwó rẹ àti àwọn ọmọ. Má wulẹ̀ ní kí n fọwọ́ wọ́nú.

Ẹ̀gbọ́n rẹ tí inú ṣì ń bí,
Isaburo.