Apá Ọrun Tó Le Jù Mí Lọ

Mọ́ńdè, 4 oṣù kẹta

Apá ọrun ti là. Tòkè. Ó ń ṣí ní ìpele-ìpele bíi páálí tómi wọ̀. Ọrun Àǹtí, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ni. Ó yá mi nígbà tí èjìká ọ̀tún rẹ̀ dá a lóró. Dókítà ní kó má fa ohunkóhun títí oṣù tó ń bọ̀, lẹ́yìn náà ó lè padà máa tafà. Ohun kan ṣoṣo tó ń retí láyé nìyẹn.

Ọpẹ́lọpẹ́ pé ọrun títú ni: èèyàn á tú apá méjèèjì kúrò lára ìdìmú, á fi tuntun sí i. Sátidé la máa lọ yàn án. Mo ti sọ fún gbogbo kíláàsì pé ọfà tèmi máa gba inú màlúù kan kọjá, á tún kí màlúù kejì.

Wẹ́sìdé, 6

Èèrà bi mí pé nọ́ńbà mélòó ni mo fẹ́. (Èmi ni mo sọ ọ́ ní Èèrà. Òun ló kéré jù nínú ẹgbẹ́ tafàtafà wa. Àpò ọfà rẹ̀ ló ń gbé e kiri.) Nọ́ńbà tí wọ́n kọ sára apá ló ń sọ bí fífà rẹ̀ ṣe le tó. Tiẹ̀ jẹ́ mẹ́rìnlélógún. Mo ní méjìdínlógójì.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ máa lè fà á?"

Mo ní ọwọ́ kan ni màá fi fà á, màá máa fi èkejì jẹun. Ẹnu dùn-ún rò'fọ́.

Sátidé, 9

Oníṣọ́ọ̀bù lófin: fa ọṣán, okùn ọrun, dé àgbọ̀n, dá a dúró, òun á ka ení dé ẹ̀wá. Ọwọ́ tó bá gbọ̀n, kó gbé apá yẹn padà sórí ìkọ́. Mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n — wọ́ọ́rọ́wọ́. Ó ní ó dára, kí n dúró síbẹ̀. Èmi kẹ̀. Mo gbé méjìdínlógójì. Mo ní kó lọ dá oníbàárà tó ń pè é lóhùn, màá kà á fúnra mi.

Kíkà tèmi: ení, èjì, ẹ̀wá.

Àǹtí wà níbi tí wọ́n kó ọṣán sí, kò rí mi. Ó dé, ó ní, "O dá a dúró?" Mo ní gbọn-in bí òpó iná. Ó ní, "Apá ẹ ló máa fà á o, kì í ṣe ẹnu ẹ." Ṣùgbọ́n ó gbà mí gbọ́. A gbé e lọlé.

Sọ́ńdè, 10

Mi ò lè gbé ṣíbí.

Túsìdé, 12

Ọfà àkọ́kọ́ tí mo ta ní pápá fo ògiri, ó lọ gún táǹkì omi aládùúgbò. Èkejì balẹ̀ níwájú bàtà mi. Àwọn ẹgbẹ́ wa rẹ́rìn-ín títí ẹnìkan fi dùbúlẹ̀. Ọ̀gá Fèrè — kóòṣì wa, fèrè kì í kúrò lẹ́nu ẹ̀ — ní, "Apá yìí le jù ẹ́ lọ," ó sì sáré jáde lọ bẹ onítáǹkì.

Mo ní kò le jù mí lọ. Mo ní ó wọ́ ni, pé ayédèrú ni wọ́n tà fún wa. Mo búra sí i.

Àǹtí dìde lórí bẹ́ǹṣì. Ó ní bí àbúrò òun bá ní ó wọ́, ó wọ́, òun á mọ̀ tí òun bá fà á lẹ́ẹ̀kan péré.

Àyè wà láti sọ̀rọ̀. Ó rìn wá. Ó gba ọrun lọ́wọ́ mi. Ó to ìka sórí ọṣán, ó fà á. Bàtà mi ni mò ń wò.

Kò pariwo. Ó kàn ní "ó tì," pẹ̀lẹ́, ó di èjìká ọ̀tún mú, ó sì jókòó sílẹ̀.

Wẹ́sìdé, 13

Dókítà ní èjìká Àǹtí ti tún bàjẹ́, kó bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Àwọn oṣù tó ti fi dúró, òfo. Mo gbọ́ tó ń sọ fún Mọ́mì ní yàrá pé, "Apá ọrun yẹn ló wọ́. Kì í ṣe ẹjọ́ àbúrò mi."

Wọ́n ní ikú yá ju ẹ̀sín lọ. Èmi ò fẹ́ kú o. Mo kàn fẹ́ di àga fún ìgbà díẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má bi mí ní nǹkan.

Tọ́sìdé, 14

Mo sọ fún un. Ẹnu ọ̀nà yàrá ẹ̀ ni mo dúró sí. Apá ò wọ́. Mi ò lè fà á ni.

Ì bá sàn kó bú mi. Ó ní, "O rí mi nígbà tí mo dìde." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní kí n pa ilẹ̀kùn dé.

Sátidé, 16

Mo bẹ oníṣọ́ọ̀bù, ó gba pàṣípààrọ̀. Apá mi ṣì ń ro mí. Méjìlélógún ló bá a mu. Ó kéré sí ti Èèrà. Èèrà fúnra ẹ̀ wà níbẹ̀: "Èyí tí mo fi bẹ̀rẹ̀ rèé, ẹ̀gbọ́n. Ó dáa gan-an." Kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ìyẹn ló gún mi jù.

Nírọ̀lẹ́, pápá. Àwọn tó rẹ́rìn-ín lọ́jọ́sí pé pérépéré. Àǹtí bá Mọ́mì wá, apá ẹ̀ wà nínú aṣọ tí wọ́n fi gbé e kọ́rùn. Kò tíì bá mi sọ̀rọ̀ láti Tọ́sìdé — a jọ ń jẹun, ife omi ló ń wò.

Mo tafà. Etí àmì. Mo tún ta. Etí àmì.

Mo gbọ́ ohùn Àǹtí lẹ́yìn mi. Ó ní, "Gbé ìgúnpá ẹ sókè."

Mo gbé e sókè. Mi ò lè wẹ̀yìn.