Ẹni Tí Yóò Máa Gbé Púdìn Lọ Fún Bàbá Jésùfẹ́mi

Èmi, Magdalene Olúfúnṣọ́ Adédìran, aya Olúdayọ̀ Adédìran, ọmọ bíbí Ìjẹ̀bú-Igbó, tí mo ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá Mayesbrook ní agbègbè Barking àti Dagenham, ni mo ṣe ìwé ìhágún yìí. Orí mi pé, mo sì mọ ohun tí mò ń sọ. Àyà mi nìkan ni dókítà ní ó ti rẹ̀, pé kò ní pẹ́ mọ́. Ẹnikẹ́ni kò fipá mú mi, ẹnikẹ́ni kò sì sọ ohun tí n ó kọ sí mi létí. Bí mo bá ti ṣe irú ìwé yìí rí, mo ti pa á rẹ́.

Mo yan ọmọ mi àgbà, Jésùfẹ́mi, àti ọ̀rẹ́ mi Raodah, tí a jọ ṣiṣẹ́ ní ilé ìdáná ilé ìwé, láti jẹ́ alámòójútó ogún mi. Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka ìwé yìí tán kí ẹ tó la ẹnu. Ilé àti ẹrù kò ṣòro pín. Ohun kan ló gbé mi lọ́kàn. Ẹ mọ̀ pé àrùn ìgbàgbé ti gbé Bàbá Jésùfẹ́mi dé ilé ìtọ́jú àgbàlagbà ní Whalebone. Kò dá ẹnikẹ́ni mọ̀ nínú wa, kò sì sọ̀rọ̀ mọ́. Púdìn àtijọ́ àwọn òyìnbó tí mo máa ń gbé lọ fún un ní Sátidé nìkan ló ń là á lẹ́nu. Bí mo bá kú, ta ni yóò máa gbé e lọ?

1. Ìpín tèmi nínú ilé tí èmi àti bàbá yín jọ rà, mo fi í sílẹ̀ fún Jésùfẹ́mi àti àbúrò rẹ̀, Kọ́láwọlé, lọ́gbọọgba. Ẹ má tà á nígbà tí bàbá yín bá ṣì wà láyé.

Ká má parọ́, ohun tí mo kọ́kọ́ sọ fún lọ́yà ni pé ọmọ tí kò bá se púdìn fún bàbá rẹ̀ kò gbọdọ̀ jogún yàrá kan. Ọmọdé ni lọ́yà náà. Ó wò mí lójú, ó ní Mọ́mì, ta ni yóò máa tọ́ púdìn wò fún ilé ẹjọ́? Mo rẹ́rìn-ín títí, mo sì sunkún nígbà tí mo délé. Òótọ́ ló sọ. Mi ò lè fi òfin mú yín. Ẹ̀bẹ̀ ni mò ń bẹ̀.

2. Ìkòkò ńlá onídèérí tó wúwo, àti abọ́ tánganran funfun tó wà nínú rẹ̀, kí Raodah tọ́jú wọn títí yóò fi rí ẹni tó fẹ́ wọn. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ se ọbẹ̀ ata nínú ìkòkò náà.

Ìyá Hílídà ló ni wọ́n. Nígbà tí Bàbá Jésùfẹ́mi kọ́kọ́ dé ìlú yìí, tí àwọn onílé ń ti ilẹ̀kùn mọ́ ènìyàn dúdú lójú, òyìnbó obìnrin yìí ló fún un ní yàrá. Bó bá ti di ọjọ́ Ìsinmi, á gbé púdìn gbígbóná sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀, kọ́sítáàdì á máa ṣàn lára rẹ̀. Nígbà tí èmi dé, mo fi ewùrà tí mo gbé láti ilé se ìkọ́kọrẹ́ fún ọkọ mi. Ó jẹ ẹ́ tán, ó pọ́n ọwọ́ lá, ó wá kọjú sí ẹnu ọ̀nà, ó ń retí. Inú bí mi burúkú. Mo sọ̀kalẹ̀ lọ bá obìnrin náà nínú ilé ìdáná rẹ̀ pé irú kí ni. Éépírọ́ọ̀nù ló so mọ́ mi nídìí.

Ó kọ́ mi bí a ṣe ń rẹ́ ọ̀rá màlúù wẹ́wẹ́, èyí tó le, tó máa ń yí kíndìnrín ká, bí a ṣe ń fi ìka pò ó mọ́ fúláwà láìpò ó jù. Ó tẹ́ ẹ, ó fi jáàmù pupa ra á lójú, ó ká a bí ẹní, ó dì í sínú aṣọ funfun, ó fi okùn so ó, ó gbé e sórí ooru omi. Mo ní ṣé èyí náà ni! Mọ́ínmọ́ín oníṣúgà ni, wọ́n kàn sọ ọ́ ní rólípólì.

Òun ló mú mi wọ ilé ìdáná ilé ìwé, tí mo ti bá Raodah pàdé. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la ń bọ́ àwọn ọmọ Dagenham. Lónìí rólípólì, lọ́la púdìn eléso àjàrà gbígbẹ, lọ́túnla ìrẹsì onímílíìkì tí ojú rẹ̀ ti pọ́n nínú ààrò. Sẹ̀mó tí àwa fi ń jẹ ọbẹ̀ ẹ̀gúsí, mílíìkì àti ṣúgà ni wọ́n ń sè é mọ́, wọ́n á wá kán jáàmù sí àárín rẹ̀. Raodah kọ́kọ́ rò pé wọ́n ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Àwọn ọmọ á tò, wọ́n á máa na ọrùn wo ohun tó wà nínú agbada. Mo fẹ́ràn ariwo wọn.

Ibo ni gbogbo rẹ̀ gbà lọ? Ọkọ̀ ló ń gbé oúnjẹ wá sí ilé ìwé náà báyìí, yọ́gọ́ọ̀tì inú ike ni wọ́n sì fi ń kádìí rẹ̀. Ìyá Hílídà ti kú, kò bímọ. Nọ́ọ̀sì kan wà ní ilé ìtọ́jú, ọmọ òyìnbó, Dagenham níbí ni wọ́n bí òun àti ìyá rẹ̀ sí. Nígbà tó rí rólípólì lọ́wọ́ mi, ó béèrè pé oúnjẹ Nàìjíríà wo nìyẹn. Oúnjẹ baba wọn ni mo gbé lọ́wọ́, èmi àjèjì, mo wá dúró bí ẹni tó jí i.

Raodah, ìwọ mọ̀ ọ́n sè jù mí lọ. Ṣùgbọ́n o ti di ẹrù rẹ, àbúrò rẹ ti kọ́lé dè ọ́ ní Abẹ́òkúta, egungun rẹ kò sì gba òtútù ibí mọ́. Mi ò ní bẹ̀ ọ́ pé kí o dúró. Mo fẹ́ bẹ̀ ọ́, ṣá.

3. Sùtánà mi tuntun ni kí ẹ fi sin mí. Ìyókù, kí ẹ pín in fún àwọn ìyá ìjọ. Ẹ má fún Wòlíì Dávídì ní ohunkóhun.

Kí ẹnikẹ́ni má baà pè mí ní ìkà, ẹ gbọ́ ìdí rẹ̀. Láti ara sùtánà mi tó gbó ni mo ti máa ń gé aṣọ tí mo fi ń di púdìn, nítorí aṣọ tó mọ́ tónítóní ni. Ní ìsìn òru kan, Wòlíì Dávídì bọ́ sínú ẹ̀mí. Ó ní òun rí ẹrù kan tí wọ́n fi aṣọ funfun dì, tí wọ́n fi okùn so, tí wọ́n gbé sórí iná láti òwúrọ̀ dọ̀sán, pé orí ọkùnrin kan nínú ìjọ wa ni ọ̀tá ń sè nínú rẹ̀. Yéè! Gbogbo ìjọ wọ ààwẹ̀. Èmi náà gbààwẹ̀, mo tan àbẹ́là, mo yí nílẹ̀, mò ń lé ọ̀tá. Ọjọ́ tí ààwẹ̀ parí, mo délé, mo di rólípólì, mo so okùn rẹ̀, mo gbé e sórí iná. Ìgbà náà ni ara mi tutù wọ̀ọ̀. Mo sọ fún Bàbá Jésùfẹ́mi. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi bọ́ lórí àga.

Kò mọ síbẹ̀. Ó dìde nínú ìsìn ọjọ́ Ìsinmi, ó dọ̀bálẹ̀, ó ní òun dúpẹ́ lọ́wọ́ ìjọ fún àdúrà, ṣùgbọ́n púdìn òun ni wọ́n gbààwẹ̀ lé. Àwọn ọ̀dọ́ bú sẹ́rìn-ín. Ojú Wòlíì Dávídì pọ́n bí iná, ó ní wọ́n ti fi Ẹ̀mí ṣẹ̀sín. Ọkọ mi kò wọ ṣọ́ọ̀ṣì náà mọ́ láti ọjọ́ yẹn, ẹnu géètì ló máa ń já mi sí. Ìjọ kò sì gbàgbé. Mo bẹ ọ̀kan nínú àwọn ìyá ìjọ ní ìjelòó pé kó bá mi máa gbé abọ́ dé Whalebone. Ó ní òun yóò máa rántí arákùnrin nínú àdúrà.

4. Kọ́láwọlé, àpótí irinṣẹ́ tí bàbá rẹ gbé bọ̀ láti ilé iṣẹ́ mọ́tò, tìrẹ ni, pẹ̀lú gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀.

Ọmọ rere ni ọ́. Mo mọ̀ pé bí o bá sọ̀kalẹ̀ nínú lọ́rì ní Creekmouth, ẹsẹ̀ rẹ kì í fẹ́ gbé ọ mọ́. O ra púdìn inú ike ní ilé ìtajà, o ní Mọ́mì, ọ̀kan náà ni, kí a kàn gbé e gbóná. Bàbá rẹ gbé e sẹ́nu, ó tú u sí ọ lọ́wọ́. O rẹ́rìn-ín níwájú rẹ̀, o sì jókòó sínú ọkọ̀, o gbé orí lé ọwọ́ ọkọ̀, o sunkún. O rò pé mi ò rí ọ.

5. Yẹtí góòlù mi àti ẹ̀gbà rẹ̀, mo fi wọ́n sílẹ̀ fún Dárasími, ọmọ Kọ́láwọlé.

Dárasími kì í jẹ ohunkóhun tó ti ara ẹranko wá, kì í tilẹ̀ jẹ oyin. Ó wá dúró tì mí láti kọ́ púdìn, ó múra gan-an. Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́ ọ̀rá, omi bọ́ lójú rẹ̀ nítorí màlúù. Ó padà lọ fi òróró àgbọn ṣe tirẹ̀. Bàbá rẹ̀ àgbà jẹ ẹ́, ojú rẹ̀ sì dà bí ojú ẹni tí wọ́n fún ní ọṣẹ jẹ. Mi ò bínú sí ọmọ náà. Àánú rẹ̀ ló pọ̀.

6. Gbogbo aṣọ òkè mi, mo fi wọ́n sílẹ̀ fún Jésùfẹ́mi. Má ṣe gé wọn.

Jésùfẹ́mi, ilé ìwòsàn lo ti ń ṣiṣẹ́, o mọ ohun tí ìtọ̀ ṣúgà ń ṣe. O sọ fún ilé ìtọ́jú pé kí wọ́n má gba ohun dídùn wọlé fún bàbá rẹ. A jà. O ní púdìn yóò pa á. Mo ní kí ló kù lára rẹ̀ tí ìgbàgbé kò tíì pa? O ò bá mi sọ̀rọ̀ títí ọdún Àjíǹde fi kọjá. Lẹ́yìn náà ni o lọ bá wọn pé kí wọ́n gbà á láyè ní Sátidé, díẹ̀ péré. O jàre. Èmi náà jàre. Mi ò mọ ẹni tí a lè gbé irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ lọ bá.

7. Ó ku ọkọ mi. Mi ò rí ohun tí mo lè fi sílẹ̀ fún un, òun gan-an ni mo fi sílẹ̀ fún yín.

Ní Sátidé tó kọjá, ọwọ́ mi gbọ̀n débi pé mi ò lè gbé ìkòkò kúrò lórí iná. Mo dúró tì í, mò ń wò ó, omi inú rẹ̀ gbẹ, aṣọ jó mọ́ ìdí rẹ̀. Mo pa iná, mo wọ bọ́ọ̀sì, mo lọ ní ọwọ́ òfo. Nígbà tó gbọ́ òórùn aṣọ mi, ó la ẹnu sílẹ̀. Ó là á títí wọ́n fi ní àsìkò ìbẹ̀wò ti parí. Háà, Olúdayọ̀.

Nítorí náà, ohun tí mo ń tọrọ kò pọ̀. Bí ẹ bá lè sè é, ẹ sè é. Bí ẹ kò bá lè sè é, ẹ po kọ́sítáàdì kí ó ki, kí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ẹ jókòó sí apá ọ̀tún rẹ̀, ẹ fi ṣíbí kékeré kàn án létè, ẹ mú sùúrù. Bóyá ìyẹn náà yóò là á lẹ́nu. N kò mọ̀.

Ohun tí mi ò sọ fún yín rí nìyí, torí pé ojú ń tì mí pé èmi nìkan ló ń bá sọ̀rọ̀. Bó bá ti jẹ díẹ̀, á gbójú sókè, á pè mí ní Àwẹ̀ró. Oríkì mi ni, kò sì sí ẹni tó tún ń pè mí bẹ́ẹ̀ láyé. Á wá béèrè bóyá Àwẹ̀ró ti jẹun. Abọ́ kan la jọ máa ń jẹ nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, òun ló sì máa ń dá ṣíbí dúró láti béèrè.

Ẹ má sọ fún un pé mo ti kú. Bí ẹ bá sọ ọ́ lónìí, á gbàgbé, ẹ ó tún sọ ọ́ ní Sátidé mìíràn, á sì ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ọ. Ẹnikẹ́ni tó bá di ṣíbí náà mú ni Àwẹ̀ró, ì báà jẹ́ nọ́ọ̀sì òyìnbó, kí ẹ kọ́ ọ ní èsì rẹ̀. Kọ́láwọlé, ìwọ náà, má jẹ́ kí ohùn ọkùnrin rẹ tì ọ́ lójú. Bó bá béèrè, dá a lóhùn. Sọ fún un pé o ti jẹun, pé o yó, kí òun máa jẹ tirẹ̀.

Mo fọwọ́ sí i ní ilé mi, ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kẹwàá ọdún 2025. Bí ìlà rẹ̀ bá wọ́, ọwọ́ mi ni ẹ rí, ẹ má bá a jà.

Magdalene Olúfúnṣọ́ Adédìran

Àwa tí a kọ orúkọ wa sísàlẹ̀ yìí wà níbẹ̀, a rí i bó ṣe fọwọ́ sí i, a sì fọwọ́ sí tiwa lójú rẹ̀. A kò ní ìpín nínú ogún yìí.

Aqeelah Ọlágòkè, ọmọ Raodah

Jọmílójú Adéṣínà, aládùúgbò