Ọmú Tí Wọ́n Ní Ó Korò

Àtìní, 1 Sẹ́tẹ́ńbà 2025
Ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́rin ni mo wà láyé. Kí ẹnikẹ́ni má gbà mí nímọ̀ràn. Lateefat ọmọ mi bí ọkùnrin lánàá, ní Ìtamága. Ta ló ní kó wá wẹ ọmọ? Hàbíbàt, ìyáálé mi. Ọlọ́mú-oyin! Láti Ẹ̀pẹ́! Èmi tí mo wà ní Ìpakodò níbí ńkọ́?

Àlàrùbá, 3 Sẹ́tẹ́ńbà
Mo dé ibẹ̀. Ọlọ́mú-oyin ti na ẹsẹ̀ sílẹ̀, ọkọ mi tuntun wà lórí itan rẹ̀, ó ń fà á lápá. "Màámi" ni Lateefat ń pè é. Èmi, "Ìyá Ìpakodò". Bí ẹni ń pe oníbàárà.
Mo kó aṣọ ọmọ dání láti inú àpótí mi. Káńfọ̀ ni mo fi tọ́jú wọn, wóró funfun yẹn — kòkòrò kan ò fẹnu kàn wọ́n. Mo bọ́ tiẹ̀ lára ọmọ, mo wọ tèmi fún un. Ọlọ́mú-oyin ní, "Ìyàwó, aṣọ yìí mà rùn o." Mo ní imú yín ló ń jowú.

Jímọ́ọ̀, 5 Sẹ́tẹ́ńbà
Wọn ò pè mí. N ò pè wọ́n.

Sátidé, 6 Sẹ́tẹ́ńbà
Ọsibítù. Ojú ọmọ pọ́n bí àtalẹ̀ pupa, kò mu ọmú mọ́.
Báyìí ni Sànní, ọmọkùnrin mi, ṣe kú, kí n tó bí Lateefat. Hàbíbàt fún ọmú mi sáwo, ó ju èèrà sí i. Èèrà kú. Ó ní ọmú mi korò, òun ló pa ọmọ. Gbogbo ilé gbà á gbọ́. Mo bí Lateefat tán, wọ́n gbé e fún un kó máa fún un lọ́mú. Kò gbé e padà mọ́.
Èèrà wo ni kì í kú sínú omi?

Àìkú, 7 Sẹ́tẹ́ńbà
Ọjọ́ ìkómọ. Kò sí ìkómọ. Abẹ́ iná búlúù ni ọmọ wà. Àwọn dókítà ní bóyá àwọn á pààrọ̀ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Yá Allah.

Àtàláátà, 9 Sẹ́tẹ́ńbà
Àyẹ̀wò dé. Dókítà obìnrin kan bi wá pé ta ló bí ìyá ọmọ. Ọlọ́mú-oyin la ẹnu — ó pa á dé. Mo ní, èmi ni. Ó ní, "Mama, ṣé ọmọkùnrin ti kú mọ́ yín lọ́wọ́ rí, tí ojú ẹ̀ pọ́n?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.
Jíìnì ni, ó ní. Mo ní kó kọ ọ́ fún mi: G6PD. Òun ló ń ṣọ́ ẹ̀jẹ̀. Tiwa ò pé. Ìyá á gbé e, ara rẹ̀ á le. Ọmọkùnrin rẹ̀ ni yóò dà láàmú. Tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá fa òórùn káńfọ̀, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á máa fọ́. Mo ní, ọmú ńkọ́? Ó rẹ́rìn-ín. Ọmú kẹ̀? Ẹ jẹ́ kó máa mu ún.
Hàbíbàt ní, "Aṣọ ta ló rùn káńfọ̀?"
Àìsàn ni jíìnì yìí, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ mi ni Lateefat ti gbà á. Ìyẹn nìkan ni Hàbíbàt ò lè fún un.

Àlàmísì, 11 Sẹ́tẹ́ńbà
Ojú ọmọ ti funfun. Ó fa ọmú títí ó fi sùn. Wọ́n ní ká máa lọ sílé. Hàbíbàt ti ń di ẹrù Lateefat: Ẹ̀pẹ́ ni wọn yóò ti lo ogójì ọjọ́.
Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà. Lateefat ń gbọ́. Mo ní, ìyáálé mi, ọmú mi ò korò. Ẹ jẹ mí ní gbèsè ọmọ mi. Ẹ dá a padà.